Ẹ gbàwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì: bí èèyàn ṣe ń di ham (ẹni tó ń fi rédíò bá ayé sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́) láti Ilé-Ifẹ̀, àti bí wọ́n ṣe pín afẹ́fẹ́

Ọmọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Yunifásítì ni, ó mú rédíò Baofeng kékeré kan dání tó rà l'Ékòó, ọ̀rá ṣì wà lójú ẹ̀. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kó máa bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀." Mo ní ṣé o ti gba láísẹ́ǹsì? Ó ní láísẹ́ǹsì ti kí ni, ṣebí òun ti sanwó fún ẹni tó tà á. Mi ò bínú sí i rárá, torí bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èèyàn á rí fídíò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọkàn ẹ̀ á fà sí i, rédíò á kọ́kọ́ wọlé, ìbéèrè á wá máa tẹ̀lé e. Mo fún un ní àga, a jókòó tó wákàtí méjì. Ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, kí ẹlòmíì tó wà n'Ífẹ̀ tàbí n'Íléṣà tó ń wá ọ̀nà lè rí i kà kó tó náwó.

Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé rédíò ọwọ́ ẹ̀ yẹn ò lè dá dé Amẹ́ríkà. Fìríkúẹ́ǹsì tó wà nínú ẹ̀ (ìyẹn nọ́ńbà tó ń lò lórí afẹ́fẹ́, bíi nọ́ńbà sítéṣọ̀n FM), ọ̀nà tààrà ló ń rìn, bí iná tọ́ọ̀ṣì. Tẹ́ ẹ bá gun orí òkè tó wà lẹ́bàá Yunifásítì, ohùn yín á rìn díẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ̀kalẹ̀ dé Sábó, ilé àti òkè á ti dí i mọ́lẹ̀. Láti Ifẹ̀ sí Iléṣà ò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ iye òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn, rédíò ọwọ́ tó ń tú wáàtì 5 jáde máa ń tiraka kó tó dé ibẹ̀ láti ilẹ̀. Èyí tó ń sọdá òkun ni wọ́n ń pè ní HF, láti 3 MHz dé 30 MHz (MHz ni wọ́n fi ń wọn fìríkúẹ́ǹsì), ìyẹn máa ń lọ kan ìpele kan lójú ọ̀run tí oòrùn ti fi agbára sí lára, ionosphere lorúkọ ẹ̀, á padà wálẹ̀ níbi tó jìnnà, nígbà míì á tún fò padà sókè lẹ́ẹ̀kejì. Rédíò HF yàtọ̀, owó ẹ̀ yàtọ̀, wáyà ẹ̀ gùn. Ó dáa kéèyàn mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ni ham gan-an? Òfin rédíò gbogbo àgbáyé tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé ti UN, ń tọ́jú ní Geneva sọ pé iṣẹ́ amateur wà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ nípa rédíò fúnra ẹ̀, tó fẹ́ máa bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, tó fẹ́ dán ẹ̀rọ wò, tí ìjọba sì ti fọwọ́ sí i, nítorí ìfẹ́ tó ní sí i nìkan, kì í ṣe nítorí owó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ mú "kì í ṣe nítorí owó" yẹn dání dáadáa. Ẹni tó fẹ́ fi máa darí mọ́tò akérò láàárín Lágere sí Iléṣà, ẹni tó fẹ́ fi máa bá sikiọ́rítì hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó ń kó kòkó tó fẹ́ fi máa béèrè iye tí wọ́n ń ra tọ́ọ̀nù kan, láísẹ́ǹsì míì wà fún gbogbo ìyẹn, kì í ṣe ti ham. Òfin yẹn náà ló ní kẹ́ ẹ máa pe call sign yín (orúkọ tí ìjọba fún yín lórí afẹ́fẹ́) lóòrèkóòrè, pé ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lédè àdììtú tí ẹlòmíì ò ní lóye, pé ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa bá ham orílẹ̀-èdè míì sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ rédíò tàbí ọ̀rọ̀ ara yín, àti pé ẹ ò lè máa jíṣẹ́ ẹlòmíì lọ sókè òkun àfi tí wàhálà ńlá bá ṣẹlẹ̀, bí omíyalé tàbí ilẹ̀ ríri. Ibi wàhálà yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Tí ìná bá lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo bá kú, ẹni tó ní bátìrì mọ́tò kan, rédíò kan àti wáyà méjì á ṣì máa sọ̀rọ̀.

Ó dáa, ibo lèèyàn ti ń gba ìwé àṣẹ? Ìjọba àpapọ̀ ni o. Kì í ṣe káńsù, kì í ṣe ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ìwé òfin 1999 ti kó ọ̀rọ̀ pípín fìríkúẹ́ǹsì sábẹ́ Àbújá nìkan, Wireless Telegraphy Act náà sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀rọ rédíò kalẹ̀ tàbí lò ó láìgbàṣẹ. Ìgbìmọ̀ kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní National Frequency Management Council, àwọn ló ń pín fìríkúẹ́ǹsì lódidi fún NCC tó ń rí sí fóònù, fún NBC tó ń rí sí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, àti fún mínísírì ìbánisọ̀rọ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ wọ mọ́tò lọ Àbújá lọ máa kan ilẹ̀kùn kiri. Ẹ kọ́kọ́ wá Nigerian Amateur Radio Society, NARS, ẹgbẹ́ àwọn ham Nàìjíríà nìyẹn, wọ́n wà nínú IARU tó jẹ́ ẹgbẹ́ gbogbo àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1925. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí ìdánwò máa wáyé, fọ́ọ̀mù wo lẹ máa fọwọ́ sí, iye tó jẹ́ báyìí, àti ọ́fíìsì tó ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kówó wá kí òun "bá yín ṣe é" láì jókòó ṣèdánwò, ẹ sá fún un. Kí ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni, ẹ gba orúkọ ọ́fíìsì, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.

Ìdánwò ńkọ́? Ẹ má fòyà. Kì í ṣe pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan kàn jókòó ronú ohun tó wù ú. Ìwé kan wà lọ́dọ̀ ITU tó ń jẹ́ M.1544, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ohun tó kéré jù tí ham yẹ kó mọ̀ sí: òfin ti ilé àti ti àgbáyé, bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ yálà pẹ̀lú ohùn tàbí Morse (ìró kúkúrú àti gígùn tó dúró fún lẹ́tà) tàbí dátà, bí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde àti èyí tó ń gbà á ṣe ń ṣiṣẹ́, áńtẹ́nà àti bí ìgbì ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan, ààbò, àti bí èèyàn ò ṣe ní máa da ẹ̀rọ aládùúgbò láàmú. Morse tó máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, ìpàdé ITU ti 2003 ti sọ ọ́ di ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fi sí ìdánwò tàbí kó yọ ọ́. Amẹ́ríkà yọ ọ́ ní 2007. Síbẹ̀ ẹ kọ́ ọ, torí ó ń gba ibi tí ohùn ò lè gbà kọjá, ẹ máa rí àpẹẹrẹ ẹ̀ níparí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa kàwé, ìbéèrè ìdánwò Technician, ìpele àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ìbéèrè 35 ni wọ́n máa ń dáhùn, ẹni tó bá gba 26 ti yege. Tiwọn ò ní sọ yín di ham Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òfin Ohm, kàpásítọ̀ àti fífi wáyà sílẹ̀ ò yí padà tẹ́ ẹ bá kọjá òkun. Ẹ máa fi ohun tó wà nílé dán an wò. Ẹ wo rédíò HF tó ń tú wáàtì 100 jáde, ó máa ń fa nǹkan bíi áńpù 20 lórí 13.8 volt nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, volt ẹ lọ́nà áńpù ẹ, ìyẹn 276 wáàtì ló wọlé kí 100 tó jáde, ìyókù di ooru. Tẹ́ ẹ bá wá fi wáyà spíkà tín-ín-rín so ó mọ́ bátìrì ínfátà, wáyà yẹn á gbóná, ike ara ẹ̀ á yọ́, mo ti rí i lórí tábìlì mi níbí. Ìbéèrè kan nínú ìdánwò nìyẹn, ó tún jẹ́ nǹkan tó lè dáná sunlé.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ bándì, ìyẹn abala afẹ́fẹ́ tí wọ́n pín fún ham, ibẹ̀ gan-an ni ọmọkùnrin yẹn àti ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ wò ó báyìí. Gbogbo wa táa wà n'Ífẹ̀ la mọ̀ pé Orisun FM wà lórí 89.5, Great FM tó wà nínú Yunifásítì wà lórí 94.5. Ta ló ní kí wọ́n má jọ wà lójú kan? Afẹ́fẹ́ dà bí ilẹ̀, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti ri òpó àlà mọ́ ọn. Rédíò FM ní láti 87.5 dé 108 MHz. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa kan ilẹ̀ ọkọ̀ òfúrufú, pílọ́ọ̀tì ń bá ẹni tó ń darí ẹ̀ nílẹ̀ sọ̀rọ̀ láti 118 dé 137 MHz. Tẹ́ ẹ bá tún rìn síwájú lẹ máa kan tiwa, 144 MHz, bándì tí a ń pè ní 2 mítà. Tẹ́ ẹ bá tún lọ síwájú, ẹ máa bá ọkọ̀ ojú omi pàdé níbi 156. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì níbi tí kì í ṣe tiẹ̀, ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń gbin nǹkan sí, nígbà míì ẹ̀mí èèyàn ló wà lórí ilẹ̀ yẹn.

ITU pín ayé sí mẹ́ta. Region 1 ni Yúróòpù, Áfíríkà, Mídù Íìsì àti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ibẹ̀ làwa wà. Region 2 ni Amẹ́ríkà ti àríwá àti ti gúúsù. Region 3 ni ọ̀pọ̀ Éṣíà, Ọsirélíà àti àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Bándì kan náà lè gùn níhìn-ín kó kúrú lọ́hùn-ún. Lórí 2 mítà, tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 144 ó parí sí 146 MHz, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ó dé 148. Ọmọkùnrin yẹn ti wo fídíò kan tó ní kí wọ́n sẹ́ẹ̀tì rédíò sí 146.52, torí ibẹ̀ làwọn Amẹ́ríkà ti máa ń pera wọn. Lọ́dọ̀ wa, 146.52 ti kọjá òpó àlà wa, ilẹ̀ ẹlòmíì ni. Àwa ní Region 1, 145.500 ni ojúkò ìpè fún FM. Rédíò yẹn ò sì ní kìlọ̀ fún yín, ó lè gbé ohùn jáde láti 136 dé 174 MHz bó ṣe wù yín, ó ń dúró de ọwọ́ yín ni. Lójú mi, ewu tó wà nínú rédíò olówó pọ́ọ́kú nìyẹn, kì í ṣe pé kò dáa, agbára ẹ̀ ló ju àṣẹ ẹni tó rà á lọ.

70 sẹ̀ǹtímítà náà rí bẹ́ẹ̀, tiwa láti 430 dé 440 MHz, tiwọn láti 420 dé 450. 80 mítà, tiwa 3.5 dé 3.8 MHz, tiwọn dé 4.0. 40 mítà ló tún ní ìtàn tó dùn jù. Tẹ́lẹ̀ rí, 7.0 dé 7.1 péré la ní ní Region 1, torí àwọn rédíò sítéṣọ̀n ńláńlá tó ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè ló ń lo òkè ẹ̀, alẹ́ ò sì ṣeé gbọ́rọ̀ níbẹ̀. Ìpàdé 2003 yẹn ló ní kí wọ́n kúrò láàárín 7.1 sí 7.2, wọ́n sì fún wọn ní àsìkò títí di oṣù kẹta 2009 kí wọ́n tó kó ẹrù. Látìgbà yẹn, 7.0 dé 7.2 ti di ti ham kárí ayé, Region 2 nìkan ló tún gùn dé 7.3. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ Amẹ́ríkà tó ń pè lórí 7.230, ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbádùn ẹ̀, ẹ má dá a lóhùn.

Àwọn tó kù tó jọra kárí ayé: 20 mítà láti 14.000 dé 14.350, 17 mítà láti 18.068 dé 18.168, 15 mítà láti 21.000 dé 21.450, 12 mítà láti 24.890 dé 24.990, 10 mítà láti 28.0 dé 29.7. Ẹ kọ wọ́n sí páálí kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níwájú rédíò, èmi ò tíì yọ tèmi títí dòní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní mítà, ẹ fi 300 sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi MHz pín in. 300 tí ẹ bá fi 14.2 pín jẹ́ 21 mítà àti díẹ̀, wọ́n bá ń pè é ní 20. Ìṣirò yẹn máa wúlò fún yín tẹ́ ẹ bá dé ìdí áńtẹ́nà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìdánwò máa ń béèrè tí àwọn èèyàn ò kì í fẹ́ kà, ọ̀rọ̀ primary àti secondary. Ẹ rò ó bí onílé àti àlejò tí wọ́n yọ̀ǹda yàrá fún. Níbi tí ham bá ti jẹ́ primary, onílé ni wá. Níbi tá a bá ti jẹ́ secondary, a lè lò ó, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ dí onílé lọ́wọ́, tí onílé bá sì dí wa lọ́wọ́, a ò lè pariwo. Bándì 30 mítà, 10.100 dé 10.150, secondary ni. 60 mítà tí ITU fún wa ní 2015 náà rí bẹ́ẹ̀, láti 5351.5 kHz dé 5366.5 (1000 kHz ni MHz kan), 15 kHz péré, agbára tó sì ń jáde lójú áńtẹ́nà ò gbọdọ̀ ju wáàtì 15 lọ. Ohun tí ITU fọwọ́ sí lórí tábìlì ní Geneva ò sì tíì di tiyín títí Àbújá máa fi kọ ọ́ sínú ìwé tiwọn, torí náà ohun tó wà lórí láísẹ́ǹsì yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, àti bándì àti wáàtì. Tí ìwé yín bá sọ iye kan, tí íntánẹ́ẹ̀tì sọ iye míì, ìwé yín ló borí.

Nínú bándì kan náà, ibì kọ̀ọ̀kan tún ní ohun tí wọ́n ń fi ṣe, ìyẹn ni IARU ń pè ní band plan. Lórí 20 mítà, Morse ló wà nísàlẹ̀ láti 14.000, dátà bẹ̀rẹ̀ láti 14.070, FT8, ọ̀nà dátà kan tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe tí gbogbo ayé ń lò látọdún 2017, wà lórí 14.074, ohùn wà lókè. Ìsàlẹ̀ 10 MHz, LSB la fi ń sọ̀rọ̀, òkè ẹ̀ àti lórí 60 mítà, USB; ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń gbé ohùn ni, LSB ń tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ nọ́ńbà ojú rédíò, USB ń tẹ̀ sí òkè ẹ̀. Ẹ ṣọ́ etí àlà dáadáa o. Ohùn yín lórí USB fẹ̀ tó nǹkan bíi 3 kHz, òkè ibi tí nọ́ńbà wà ló máa ń tẹ̀ sí, nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbé rédíò sí 14.349 tẹ́ ẹ wá ń sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ojú rédíò á sọ pé ẹ ṣì wà nínú, ṣùgbọ́n ohùn yín ti ré kọjá 14.350 dé 14.352, ẹ ti wà nílẹ̀ onílẹ̀. 14.347 ni kẹ́ ẹ dúró sí.

Áńtẹ́nà fún ìbẹ̀rẹ̀ ò nílò ohun olówó. Wáyà méjì tó dọ́gba, kébù tó so mọ́ ọn láàárín, dipole nìyẹn. Ẹ fi MHz pín 143, ohun tó bá jáde ni gígùn gbogbo ẹ̀ ní mítà. Fún 14.2, 10 mítà lápapọ̀, 5 ní apá kan 5 ní apá kejì. Fún 7.1, 20 mítà lápapọ̀. Ẹ gé e kó gùn díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú mítà SWR (ẹ̀rọ tó ń fi hàn bóyá áńtẹ́nà bá rédíò mu), torí wáyà tẹ́ ẹ bá ti gé jù ò ṣeé lẹ̀ padà bó ṣe wà. Ẹ má sún mọ́ wáyà NEPA rárá, kí wáyà yín má lè dé ibẹ̀ kódà tó bá já tí afẹ́fẹ́ gbé e. Àsìkò òjò pàápàá, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún tí àrá máa ń sán n'Ífẹ̀ bí ẹni tó ń bínú, tẹ́ ẹ bá ti rí ojú ọ̀run tó ṣú, ẹ yọ kébù lẹ́yìn rédíò kẹ́ ẹ gbé ẹnu ẹ̀ jù síta fèrèsé. Ẹ má dúró di ìgbà tẹ́ ẹ máa gbọ́ àrá.

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò wá kàn báyìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba tèmi, mo na wáyà 40 mítà láti orí ilé wa sí igi máńgòrò, mo ń pe CQ (ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́) lálẹ́ Ọjọ́rú kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń ṣèpàdé àdúrà. Alàgbà kan kanlẹ̀kùn, wọ́n ní nǹkan kan ń gbó nínú spíkà àwọn, ó dà bí ohùn èèyàn, kò já gaara, àti pé àwọn obìnrin kan ti sá jáde. Mo dọ̀bálẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn lọ. Mo ní kí ẹnì kan dúró ti rédíò mi kó kàn máa fetí sílẹ̀, mo tú wáyà máíkì tó gùn láti pẹpẹ dé ibi amúpilifáyà, ó lé ní mítà 15. Mo rí i pé wáyà yẹn ló di áńtẹ́nà, ó ń kó ìgbì mi wọlé, amúpilifáyà wá ń sọ ọ́ di ohùn. Rédíò mi ò ní àléébù, tiwọn náà ò bàjẹ́, bí ẹ̀rọ méjì ṣe pàdé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo mú òrùka férááìtì méjì (òrùka tó ń dí ìgbì rédíò lọ́nà lára wáyà) wá, mo yí wáyà máíkì wọn ká ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lẹ́bàá ibi tó ti wọnú amúpilifáyà, mo ṣe kébù tèmi náà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èkejì, mo sì dín wáàtì 100 kù sí 25. Ohùn yẹn dákẹ́. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ní Gánà ò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé mo ti dín agbára kù, torí wáàtì 25 sí 100 ò ju S-unit kan lọ (ìpele kan nínú ìwọ̀n agbára ohùn) lójú mítà tiẹ̀. Látìgbà yẹn mo mọ àsìkò ìsìn wọn, mi ò kì í pè lásìkò yẹn, alàgbà yẹn náà ló wá di ẹni tó ń bá mi sọ fún àdúgbò pé kì í ṣe iṣẹ́ ibi ni wáyà orí ilé wa. Tẹ́ ẹ bá ka ibi tí ìwé ìdánwò ti sọ̀rọ̀ nípa interference, ìyẹn dída ẹ̀rọ ẹlòmíì láàmú, ẹ má kà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ mákì lásán, ibẹ̀ ni àlàáfíà yín pẹ̀lú ilé kejì wà.

Kí lẹ lè ṣe nísinsìnyí tí ìwé àṣẹ ò tíì jáde? Ẹ gbọ́. Ẹ fetí sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Yunifásítì Twente ní Holland ní rédíò kan tẹ́ ẹ lè gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WebSDR ni wọ́n ń pè é, ẹ ṣí i lórí fóònù yín, ẹ lọ sí 14.200, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pera wọn. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà pe orúkọ: 5N ni orílẹ̀-èdè wa, "five November" ni wọ́n máa ń pè é. Ẹ máa gbọ́ "five nine", ìyẹn ni pé ohùn ẹ já gaara, ó sì lágbára. Ẹ máa gbọ́ QTH fún ibi tẹ́ ẹ wà, QRM fún ariwo àwọn ẹlòmíì, QRN fún ariwo àrá, 73 fún ó dàbọ̀. Ẹ mú ìwé kan, ẹ máa kọ call sign, fìríkúẹ́ǹsì àti àsìkò sílẹ̀, UTC, aago àgbáyé, ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ yọ wákàtí kan kúrò nínú aago wa.

Lọ́jọ́ tí ìwé yín bá dé, ẹ fetí sí fìríkúẹ́ǹsì kan tó ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó pè, ẹ béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ẹnì kan ń lò ó, torí ẹ lè má gbọ́ ẹnì kan kí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀. Tí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, ẹ pe CQ lẹ́ẹ̀mẹta, call sign yín lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Ẹ má lo 14.300 fún eré, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìpè wàhálà káàkiri ayé.

Kí ọmọkùnrin yẹn tó lọ, mo gbé rédíò tèmi sí 14.100. Sítéṣọ̀n 18 ló wà káàkiri ayé tó ń lo ojú kan yẹn, NCDXF, ẹgbẹ́ ham kan ní Amẹ́ríkà, àti IARU ló gbé wọn kalẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ìṣẹ́jú àáyá 10 láti pe call sign ẹ̀ ní Morse pẹ̀lú wáàtì 100, á wá ta ìró gbọọrọ mẹ́rin, wáàtì 100, 10, 1, àti ìdá mẹ́wàá wáàtì kan, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 ó tún kàn án. Aago ló ń darí wọn, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní aago tó péye, ẹ ti mọ ẹni tó ń pè láì mọ Morse: Nẹ́wì Yọ́ọ̀kì ló ń bẹ̀rẹ̀, South Africa tó jẹ́ ZS6DN á wọlé ní ìṣẹ́jú 1 àti àáyá 40, CS3B ní Madeira, erékùṣù kan nínú òkun Atlantic, á wọlé ní ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 20. Aago méje alẹ́ ku díẹ̀ ni, mo pa fáànù, mo pa ínfátà tó ń hó, a ń wo aago. Nígbà tó di ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 20, a gbọ́ ọ, tín-ín-rín, lábẹ́ ariwo, CS3B, lẹ́yìn náà ìró gbọọrọ. Ọmọkùnrin yẹn gbọ́ ti wáàtì 100. Ó gbọ́ ti 10. Ti 1, ó gbé etí sún mọ́ spíkà, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n má sọ̀rọ̀, ó ní òun gbọ́ ọ. Wáàtì 1 láti Madeira sí Lágere. Ó ní òun ń lọ kọ́ Morse.